Omi Tó Wọlé, Omi Tó Jáde: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fọ Inú Ọkọ̀ Délẹ̀ ní Ọ̀nà Àgbádárìgì

Ẹni tó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, tó kọjá Òkokomáíkò àti Ìjànìkin, yóò ti rí oríṣiríṣi ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ kó tó dé Morogbo. Táńkì omi dúdú lórí irin, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi jáde, jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ọkọ̀ tó fi ẹrẹ̀ wọlé á jáde láìpẹ́, ara rẹ̀ á máa kọ mọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi fọ inú ẹ̀ dáadáa o," ni oníbàárà máa ń wí kó tó lọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà.

"Kò sí wàhálà, àǹtí. Gbogbo ẹ̀ la máa fọ̀."

Ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹni tó ń fọkọ̀, ohun tí oníbàárà ní kí òun ṣe ni kí òun gbọn eruku, kí òun fi aṣọ tútù nu dáṣíbọ́ọ̀dù, kí òun fọ rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kí òun sì fín òórùn dídùn díẹ̀ sí i. Lójú oníbàárà, ó ti sanwó kí wàrà tí ọmọ dà sórí ìjókòó ẹ̀yìn lóṣù tó kọjá lè kúrò pátápátá. Bí oníṣẹ́ bá wá fẹ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn, á da omi ọṣẹ sí kápẹ́ẹ̀tì, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, á fi aṣọ nù ún, á ní ó ti parí. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, òórùn inú ọkọ̀ náà á ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Fífọ inú ọkọ̀ délẹ̀ ni kí omi àti ọṣẹ wọ inú fọ́nrán aṣọ ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì, kí ó tú ìdọ̀tí tó ti bá a mulẹ̀, kí wọ́n sì fa omi náà jáde tòun ti ìdọ̀tí, kí ohun gbogbo tún wá gbẹ. Apá tó kẹ́yìn yìí ló le jù. Ẹnikẹ́ni ló lè da omi sínú ọkọ̀. Bí omi náà yóò ṣe jáde ni iṣẹ́, pàápàá létí òkun.

Ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé aṣọ kan péré ni kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Bí wọ́n bá tú ìjókòó iwájú Toyota Corolla tàbí Camry, tí wọ́n sì ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ohun tí wọ́n máa bá lábẹ́ nípọn ju ohun tó hàn lókè lọ. Lókè ni fọ́nrán tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ wà. Polyester, nylon tàbí polypropylene ni wọ́n sábà máa fi ń ṣe é. Rọ́bà tàbí ike tó di àwọn fọ́nrán náà mú ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóòmù, tàbí àkísà tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ra, tó ń gba ariwo àti ooru sára kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ èrò. Irin ọkọ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú wáyà iná tó gba ibẹ̀ lọ sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ tó ń tọ̀ sórí ibùsùn á tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyá lè bọ́ aṣọ tó bo mátírẹ́ẹ̀sì, kó fọ̀ ọ́, kó sá a sóòrùn títí á fi gbẹ. Ìtọ̀ tó ti wọ fóòmù ò ní torí ìyẹn dákẹ́ òórùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kápẹ́ẹ̀tì rí. Bí omi ọṣẹ bá pọ̀ lórí rẹ̀, á gba ojú rírán àti ibi tí wọ́n ti dá a lu wọ fóòmù tó wà nísàlẹ̀, á jókòó sórí irin. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkè á sọ pé ó ti gbẹ. Ìsàlẹ̀ lè wà ní tútù fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Aṣọ ìjókòó náà ní fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kó tó wá kan fóòmù ńlá tí ìdí ń jókòó lé. Àjà ọkọ̀, ìyẹn aṣọ tó bo òrùlé láti inú, ló gbẹgẹ́ jù lọ. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fọ́n omi sí i bó ṣe ń fọ́n ọn sí kápẹ́ẹ̀tì á rí i tó máa ṣí, táá máa rọ̀ wálẹ̀ sórí èrò. Aṣọ tí wọ́n fi omi ọṣẹ díẹ̀ rẹ, tí wọ́n sì fún dáadáa, ni wọ́n fi ń rọra nu òkè.

Awọ kò lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú. Ike ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní awọ nínú ọkọ̀, awọ gidi pàápàá sì ní ọ̀dà tín-ínrín tí wọ́n ti fi bò ó láti ilé iṣẹ́. Ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, aṣọ gbígbẹ, ó tán. Àwọn kan máa ń fi pọ́líìṣì bàtà kùn ún kó lè dán. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun jókòó lé e ló máa gbé pọ́líìṣì náà lọ sílé.

Iyanrìn, iyọ̀ àti ọ̀rinrin

Ibi tí ọkọ̀ ń gbé máa ń hàn nínú kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ti Morogbo àti agbègbè rẹ̀ kún fún iyanrìn. Iyanrìn yìí le ju ike tí wọ́n fi ṣe fọ́nrán lọ fíìfíì, ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá sì tẹ̀ ẹ́ ló ń rẹ́ fọ́nrán nídìí. Ìdí nìyí tí kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ gìgísẹ̀ awakọ̀ fi ń pá nígbà tí tàwọn èrò ẹ̀yìn ṣì nípọn.

Iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn. Ẹbí kan á lọ ṣe fàájì ní Suntan Beach lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọmọ á wọ òkun, wọ́n á sì fi ṣòkòtò tútù jókòó wálé. Omi á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù sínú aṣọ ìjókòó. Iyọ̀ sì ní ìwà kan: bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti inú afẹ́fẹ́ sí ara rẹ̀ títí á fi yọ́. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò iyọ̀ ní ṣíṣí lásìkò òjò ti rí i. Létí òkun Èkó, ọ̀rinrin máa ń kọjá ìwọ̀n yẹn ní ọ̀pọ̀ òru àti òwúrọ̀. Nítorí náà, ìjókòó tí òkun ti kàn á tutù lówùúrọ̀, á gbẹ lọ́sàn-án, á tún tutù lálẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da omi sí i. Sísá a sóòrùn kò lè wò ó sàn. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣan án, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, torí omi nìkan ló lè kó iyọ̀ náà lọ.

Ọ̀rinrin yìí kan náà ló sọ gbígbẹ di iṣẹ́ ńlá. Omi inú aṣọ kò lè fò lọ bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá ti mu omi yó. Oṣù Òkúdù, ìyẹn oṣù kẹfà, lòjò máa ń pọ̀ jù lọ ní Èkó. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fọ inú rẹ̀ délẹ̀ lóṣù yẹn nílò ìtọ́jú tí ti oṣù kìíní, nígbà ọyẹ́, kò nílò. Àkókò ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí ohun tí omi bá wọ̀ gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48 kó má baà bu. Olú wínníwínní tó ń mú búrẹ́dì bu náà ló ń hù nínú fóòmù tútù, òun ló sì ń mú òórùn tí àwọn èèyàn ń pè ní òórùn aṣọ tí kò gbẹ wá.

Kí omi tó kàn án

Iṣẹ́ gidi máa ń bẹ̀rẹ̀ láìsí omi. Wọ́n á kó ohun gbogbo jáde, títí kan ìwé risíìtì, owó ẹyọ àti èèpo ẹ̀pà tó ti há sí abẹ́ bẹ́líìtì. Wọ́n á ti ìjókòó síwájú dópin, wọ́n á fà á sẹ́yìn dópin, kí ọwọ́ lè dé ojú irin tó ń gbà rìn. Lẹ́yìn náà ni fákúùmù.

Fákúùmù kì í ṣe ohun àná. Lọ́dún 1901 ni Hubert Cecil Booth ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fa eruku dípò kó máa fẹ́ ẹ kiri. Ó tóbi débi pé ẹṣin ló ń fà á, ìta ilé ni wọ́n á sì dá a dúró sí, wọ́n á na ọ̀pá rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹni tó sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ lè gbé ni James Murray Spangler, ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí àìsàn asthma ń bá jà, tí eruku sì ń dà láàmú. Ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1908, ìdílé Hoover sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ Hoover layé mọ̀ títí dòní. Orúkọ agbálẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

Ìdí tí fákúùmù fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ni pé iyanrìn gbígbẹ rọrùn láti fà. Bí omi bá ti kàn án, ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ náà á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí fọ́nrán. Oníṣẹ́ tó mọwọ́ á fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ lu kápẹ́ẹ̀tì, á fi afẹ́fẹ́ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, irú èyí tí àwọn fọgánáísà fi ń fẹ́ táyà, lé eruku jáde láti kọ̀rọ̀, á tún fà á. Ẹni tó bá dúró tì í á rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ìdajì iṣẹ́ náà ló ń ṣe yẹn.

Ọṣẹ tó pọ̀ jù

Ohun tó wà nínú ọṣẹ ní orí méjì: ọ̀kan ń lẹ̀ mọ́ omi, èkejì ń lẹ̀ mọ́ epo. Epo àti ọ̀rá ara èèyàn ló máa ń di eruku mú sára aṣọ. Orí tó fẹ́ràn epo á rọ̀gbà yí i ká, orí tó fẹ́ràn omi á sì jẹ́ kí omi lè gbé e lọ. Bí wọn kò bá wá gbé omi náà jáde, ọṣẹ á gbẹ sórí fọ́nrán pẹ̀lú orí rẹ̀ tó ń wá epo kiri. Eruku tuntun tó bá dé, bàtà tó bá tẹ̀ ẹ́, á lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí ló fà á tí àwọn kan fi máa ń sọ pé, "Láti ìgbà tí wọ́n ti fọ ìjókòó yẹn ló ti ń tètè dọ̀tí." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọṣẹ tó kù sínú rẹ̀ ló ń ṣe é.

Nítorí náà, ọ́mọ̀ tí wọ́n fi ń fọṣọ kò dára fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó hó tó. Nínú báàsìn, wọ́n máa ń ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjókòó ò ṣeé rì sínú báàsìn. Ọṣẹ dúdú náà kò bá a lára mu, torí eérú tí wọ́n fi sè é mú kó le ju ohun tí àwọ̀ aṣọ kan lè fara dà lọ. Bílíìṣì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jíìkì, á pa àwọ̀ aṣọ, á sì jẹ fọ́nrán nylon. Ẹni tó bá pò ó mọ́ fínígà nínú ọkọ̀ tó tilẹ̀kùn ti pe afẹ́fẹ́ olóró wá sí ihò imú rẹ̀. Ọṣẹ olómi tí kò fi bẹ́ẹ̀ hó, tí wọ́n ṣe fún aṣọ ìjókòó, ló yẹ. Bí kò bá sí, ọṣẹ àwo ìwọ̀nba ṣíbí kékeré kan nínú omi lítà kan ti tó. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ abẹ́ ìjókòó, kí wọ́n fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá bá aṣọ funfun náà wá, kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Wọ́n á fọ́n ọn ní fẹ́ẹ́rẹ́ sí apá kékeré kan, wọ́n á jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbo ó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kó tó gbẹ ni ẹ̀rọ tó ń fa omi á tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tó péye máa ń tú omi gbígbóná tó mọ́ síwájú, kó sì fà á padà ní ẹsẹ̀ kan náà. Ibi tí èèyàn ti lè fojú rí iṣẹ́ nìyí. Ẹnu ẹ̀rọ náà jẹ́ ike tó mọ́ gaara, tí ojú lè rí inú rẹ̀; bí wọ́n ṣe ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìjókòó tí kò tiẹ̀ jọ pé ó dọ̀tí, omi tó ń sáré gba abẹ́ ike náà á máa pọ́n bí ó ti ń kọjá, ìfófó eléèérí á máa bọ́ sínú ike ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, á fúyẹ́. Ìgbà tí omi náà bá ń jáde ní mímọ́ ni wọ́n lè kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, oníṣẹ́ á tún fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láìtú omi kankan.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ibi ìfọkọ̀ kì í ṣe èyí? Ìwà ọ̀lẹ kọ́, iná mànàmáná ni. Fákúùmù tó ń fa omi sábà máa ń jẹ 1,000 sí 1,500 watt. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí "I better pass my neighbour" ò ju nǹkan bí 650 watt lọ. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, jẹnẹrétọ̀ á kú fin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibì kan lè fọ inú ọkọ̀ délẹ̀ lóòótọ́, kó wo irú jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó wo pátákó tí wọ́n gbé síta.

Epo pupa, omi ẹja, wàrà ọmọ

Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lé gbogbo àbàwọ́n. Epo pupa tó dà nínú búùtù kò fẹ́ omi lákọ̀ọ́kọ́. Kí wọ́n fi ṣíbí kó èyí tó bá ṣeé kó, kí wọ́n da páúdà tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo sórí ìyókù kó lè mu ún, kí wọ́n fà á, kí ọṣẹ àwo tó wá dé. Pípọ́n tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọṣẹ, oòrùn mọ̀ ọ́n pa: carotene tó fún epo ní àwọ̀ kò lè fara da oòrùn. Àwọn ìyá àgbà tó ń sá aṣọ elépo sórí koríko mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Omi ẹja lọ̀rọ̀ àwọn tó ń ná ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ara wọn gbé ẹja àti edé. Ohun tó ń rùn bẹ́ẹ̀ ni trimethylamine, tó ń jáde nígbà tí kòkòrò àìfojúrí bá ń jẹ ara ẹja. Ọṣẹ lásán kì í rí i mú dáadáa. Ohun kíkan ló ń ká a lápá kò: omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà tí wọ́n fi omi là máa ń sọ ọ́ di irú iyọ̀ kan tí kò lè fò lọ sínú afẹ́fẹ́ mọ́, omi á sì wá ṣan án lọ. Ìdí kan náà ló wà lẹ́yìn ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn alásè fi ń fọ ẹja kó tó dé ìkòkò.

Ẹ̀jẹ̀, ẹyin àti wàrà kò fẹ́ omi gbígbóná rárá. Ooru á sè wọ́n mọ́ inú aṣọ. Omi tútù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì lo ọṣẹ tó ní enzyme tó lè gé wọn sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n fún un ní àyè láti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fà á.

Àbàwọ́n kan wà tó máa ń lọ lónìí, táá sì padà dé lọ́la ní ojú ibi kan náà. Àwọn oníbàárà á ní ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìdọ̀tí ṣì wà nísàlẹ̀. Bí òkè ṣe ń gbẹ, omi ìsàlẹ̀ ń gun fọ́nrán bọ̀ wá sókè, ó ń gbé ìdọ̀tí dání. Omi á fò lọ, ìdọ̀tí á jókòó. Kí wọ́n tún rẹ ẹ́ ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn, ìyẹn á sì tún gbé e gòkè. Omi díẹ̀, fífà púpọ̀, kí wọ́n sì tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì funfun lé e kó lè jẹ́ pé orí táwẹ́ẹ̀lì ni ìdọ̀tí máa parí ìrìn rẹ̀ sí.

Gbígbẹ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ sóòrùn, kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa, kí inú rẹ̀ lè gbóná. Inú rẹ̀ á gbóná lóòótọ́, omi á gbéra kúrò lára aṣọ, kò ní rí ibi gbà jáde, á lẹ̀ mọ́ gíláàsì, á sì ṣubú padà nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kó wà ní ṣíṣí, kí fáànù máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti òkun lọ́sàn-án wúlò, kódà bó ní ọ̀rinrin, torí pé ó ń rìn. Lọ́jọ́ òjò, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì níta gbangba, kí wọ́n yí éésì sí ooru pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ìta, kí éésì náà sì máa ṣiṣẹ́ lọ: éésì máa ń fún omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ kó tó fẹ́ ẹ wọlé.

Éésì kan náà yìí lè jẹ́ ọ̀daràn. Omi tó ń fún kúrò nínú afẹ́fẹ́ máa ń gba rọ́bà tín-ínrín kan jáde sábẹ́ ọkọ̀. Bí eruku tàbí ewé bá dí rọ́bà náà, inú ọkọ̀ lomi máa yà sí, lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Àìmọye ọkọ̀ ni wọ́n ti fọ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ léraléra nítorí òórùn, tó jẹ́ pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bá fi gún ihò yẹn ì bá ti yanjú ẹ̀. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú éésì láti Mile 2 dé Morogbo, tí omi kankan kò sì kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tó dúró, kó yáa fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì apá ọ̀hún.

Òórùn dídùn tí wọ́n ń fi kọ́ jíńgí ò lè ṣe nǹkan kan sí òórùn kápẹ́ẹ̀tì tútù. Láti 1952 ni igi kékeré onípáálí ti Julius Sämann, tó bẹ̀rẹ̀ ní Watertown ní ìpínlẹ̀ New York, ti ń bo òórùn mọ́lẹ̀ láìlé e. Èyí tó léwu ni kánfọ̀ oníhóró tí àwọn kan ń jù sábẹ́ ìjókòó. Naphthalene tó wà nínú rẹ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ọmọ tí a bí pẹ̀lú àìtó G6PD, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ibà pọ́njú tó ń dá sí ọmọ jòjòló lára nípasẹ̀ aṣọ tí wọ́n fi kánfọ̀ pa mọ́ kì í ṣe àjèjì sí àwọn dókítà ọmọdé. 

Wáyà yẹ́lò

Bí wọ́n bá fẹ́ fọ kápẹ́ẹ̀tì tó ti mu omi yó, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ìjókòó. Bóòtù mẹ́rin ló sábà máa ń dè é, súpánà 14 ló sì ń tú ti ọ̀pọ̀ Toyota. Ó rọrùn débi tí ọwọ́ á fi yá. Ṣùgbọ́n wáyà wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó bá sì jẹ́ yẹ́lò lára wọn jẹ́ ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nígbà ìjàǹbá, tàbí ti ohun tó ń fa bẹ́líìtì le. Bátìrì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú, kí wọ́n sì dúró. Ìwé àtúnṣe Toyota sọ pé kó má dín ní ìṣẹ́jú àáyá 90. Ẹni tó bá yọ wáyà náà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì tanná á rí iná pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò ní kú mọ́ àfi kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Àwọn wáyà yìí náà ló fà á tí ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi kò fi gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀.

Tọ̀kúnbọ̀ tó ti rì

Ojú ọ̀nà tó gba Morogbo kọjá yìí ni àìmọye tọ̀kúnbọ̀ gbà wọlé láti Kútọnu, kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017. Lára àwọn ọkọ̀ tó ń wọ Nàìjíríà láti Amẹ́ríkà, ibi yòówù kí wọ́n gbà, a máa ń rí èyí tí omi ti bò mọ́lẹ̀ rí. Ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012 àti Harvey tó kọlu Houston ní 2017 ba ọkọ̀ rẹpẹtẹ jẹ́. Wọ́n á tà wọ́n ní gbàǹjo, ẹlòmíràn á fọ inú wọn délẹ̀, á sì tà wọ́n fún ẹni tí kò mọ̀.

Fífọ náà lè mọ́ débi pé ojú kò ní rí nǹkan kan. Kí ẹni tó fẹ́ rà á fa bẹ́líìtì jáde títí dé ìparí, torí pé àwọn tó ń fọ̀ ọ́ kì í sábà rántí ibi tó ká jọ sí. Ìlà omi máa ń wà níbẹ̀. Kó tan tọ́ọ̀ṣì sí bóòtù ìjókòó àti irin abẹ́ rẹ̀, bóyá wọ́n ti dógùn-ún. Kó ṣí etí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kó ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀: ẹrẹ̀ tó dán, tó sì kúná bí ìyẹ̀fun, kì í ti ara bàtà wá. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun nínú ọkọ̀ ọdún mẹ́wàá yẹ kó mú èèyàn béèrè ọ̀rọ̀.

Kò sí fífọ tó lè gba irú kápẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ là, pàápàá bó bá jẹ́ omi òkun tàbí omi ìdọ̀tí ló bò ó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń gé fóòmù ìsàlẹ̀ dànù, wọ́n á fọ irin, wọ́n á kun ibi tó bá ti ń dógùn-ún lọ́dà, wọ́n á sì lọ wá kápẹ́ẹ̀tì mìíràn ní Ládípò ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Kí wọ́n ká èyí tí wọ́n bá rà náà wò lẹ́yìn kí wọ́n tó sanwó.